Èkó sí Salvador ní Brazil: wákàtí mélòó gan-an ni?

Ọmọ Bàbá Onífá kọ:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n pe bàbá mi sí Salvador ní Bahia, ní Brazil lọ́hùn-ún, fún ọdún Yemọja tí wọ́n máa ń ṣe ní ọjọ́ kejì oṣù kejì. Bàbá ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọn ò lè jókòó pẹ́. Mo wá lọ wo Google pé báwo ni ibẹ̀ ṣe jìnnà sí Èkó tó, ó ní kìlómítà 5,086, mo ní háà kò burú, wákàtí mẹ́fà sí méje náà nìyẹn. Àfi ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì tó ní wákàtí 37 àbọ̀! Àbúrò mi tún yọ fóònù tiẹ̀, tiẹ̀ ní ó ju kìlómítà 10,000 lọ. Ta ni ká gbà gbọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ṣé kì í ṣe pé ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì yìí fẹ́ fi ọ̀nà jíjìn gbowó lọ́wọ́ mi? Àti pé ọ̀nà wo ló dáa jù fún àgbàlagbà?

Tísà Jọ́gíráfì kọ:
Kìlómítà 5,086 yẹn tọ̀nà, ìyẹn bí ẹyẹ bá fò tààrà láti Ìkẹjà dé Salvador. Kẹ́ ẹ lè mọ bó ṣe rí, Èkó sí Heathrow ní London jẹ́ nǹkan bíi 5,000. Ìyàtọ̀ àárín wọn ò tó 100 kìlómítà! Bàálù Èkó sí London máa ń lò tó wákàtí mẹ́fà àbọ̀, torí náà tí bàálù tààrà bá wà láti Èkó sí Salvador, iye tó máa lò náà nìyẹn. Tó bá wà ni mo sọ o. Kò sí.

Ti àbúrò yín, ẹ bi í ohun tó tẹ̀ sínú fóònù. Ó jọ pé San Salvador ló bá lọ, olú-ìlú El Salvador, àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà nìyẹn wà. Láti Èkó dé ibẹ̀ lé díẹ̀ ní 10,000 lóòótọ́. Kóòdù ẹ́pọ́ọ̀tù Bahia ni SSA, ti El Salvador ni SAL. Ẹ wo tíkẹ́ẹ̀tì dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó, SSA ni kẹ́ ẹ rí níbẹ̀.

Alájàpá Brás kọ:
Ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ò parọ́ mọ́ yín, bí ọ̀nà yẹn ṣe ń gùn nìyẹn. Ọjà aṣọ ní Brás ní São Paulo lèmi máa ń ná, mi ò dé Bahia rí o, ṣùgbọ́n São Paulo náà ni ọ̀pọ̀ ń bọ́ sí kí oníkálùkù tó yà síbi tó ń lọ. Ethiopian ni àwa ọlọ́jà ń wọ̀ jù. Èkó sí Addis Ababa, bíi wákàtí márùn-ún. Ẹ sùn sí Addis. Ilẹ̀ mọ́ ẹ gbéra, wákàtí méjìlá sí mẹ́tàlá kẹ́ ẹ tó dé Guarulhos tí í ṣe ẹ́pọ́ọ̀tù ńlá São Paulo. Bàálù abẹ́lé láti ibẹ̀ lọ Salvador á tún gba wákàtí méjì ó lé ogún ìṣẹ́jú bẹ́ẹ̀. Ẹ wá fi gbogbo ìdúró kún un. Ohun tó máa ń bí mi nínú ni pé ìlà oòrùn lẹ kọ́kọ́ ń lọ, ìwọ̀ oòrùn sì ni Brazil wà, bí ẹni tó fẹ́ lọ Abẹ́òkúta láti Èkó tí wọ́n ní kó gba Benin lọ. Tí ẹ bá kúrò ní Addis, ẹ ó tún padà fò kọjá lókè ilẹ̀ Áfíríkà láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun kẹ́ ẹ tó kan òkun.

Tísà Jọ́gíráfì kọ:
Ẹ jẹ́ n bá yín rò ó pọ̀. Èkó sí Addis, nǹkan bíi 3,900. Addis sí Guarulhos, nǹkan bíi 9,900. Guarulhos sí Salvador, 1,450. Gbogbo ẹ̀ lé ní kìlómítà 15,000. Ìlọ́po mẹ́ta ọ̀nà tààrà. Google yín ò purọ́, ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì náà ò purọ́.

Bọ̀dá Peckham kọ:
Ẹ má gbàgbé atẹ́gùn o. Téèyàn bá ń lọ sí ìwọ̀ oòrùn, atẹ́gùn máa ń dojú kọ bàálù ni, ìdí nìyẹn tí London sí New York fi máa ń pẹ́ ju New York sí London lọ. Torí náà lílọ bàbá á fi ó kéré tán wákàtí kan pẹ́ ju àbọ̀ wọn lọ, ká tiẹ̀ ní bàálù tààrà wà.

Ẹnjiníà Hángà kọ:
Bọ̀dá mi, ti London sí New York òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e wá síbí. Atẹ́gùn líle tẹ́ ẹ ń sọ yẹn, jet stream, apá ibi tó jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé ló ti ń fẹ́ jù. Èkó wà ní nǹkan bíi dígírì 6 àbọ̀ lókè ìlà yẹn, Salvador ní nǹkan bíi 13 nísàlẹ̀ ẹ̀. Bàálù tó bá fò tààrà láàárín àwọn méjèèjì ò ní í bá a pàdé. Ìyàtọ̀ lè wà, àmọ́ kì í ṣe ti wákàtí kan. Ohun tó máa ń yọ awakọ̀ lẹ́nu ní agbègbè ìlà yẹn ni ìkùukùu òjò tó ga fíofío, wọ́n á yà fún un, ìyẹn á fi ìṣẹ́jú mélòó kan kún un.

Nǹkan míì tẹ́ ẹ ní láti mọ̀: kìlómítà tí Google fún yín, kì í ṣe ìrìn bàálù. Bàálù ńlá máa ń sáré tó 850 sí 900 kìlómítà ní wákàtí kan tó bá ti wà lókè pátápátá, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ rìn nílẹ̀ dé ojú ọ̀nà ìgbéra, ó gbọ́dọ̀ gòkè, ó gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá ti pín kìlómítà sí 850, ẹ fi ìdajì wákàtí lé e. Kò ní í jìnnà sí òótọ́.

Ìyá Ìbejì Lisbon kọ:
Kí ló dé tí gbogbo yín ń pariwo Addis? Yúróòpù ni kẹ́ ẹ gbà jàre! TAP, iléeṣẹ́ bàálù ilẹ̀ Pọtogí, ń fò tààrà láti Lisbon sí Salvador, wákàtí mẹ́jọ àbọ̀ sí mẹ́sàn-án. Air France náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Paris lọ síbẹ̀ látọdún 2024, wọ́n sì ń gbé èrò ní Èkó. Ẹ gbéra ní Èkó lálẹ́, ilẹ̀ mọ́ bá yín ní Paris, ẹ wọ èkejì, ó di Salvador. Ìdúró kan ṣoṣo. Kò sí São Paulo níbẹ̀, kò sí pé bàbá ń fa ẹrù kiri.

Alájàpá Brás kọ:
Àǹtí, ìwé ìrìnnà wo lẹ̀yin ń lò ná? Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà lásán, wọ́n á béèrè físà tráńsíìtì lọ́wọ́ onítọ̀hún kó tó gba Paris tàbí Lisbon, ká tiẹ̀ ní kò ní í fẹsẹ̀ kan jáde kúrò nínú ẹ́pọ́ọ̀tù. Gbogbo àwọn Schengen, ìyẹn àwọn ilẹ̀ Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan náà, ló ń béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà. Kẹ́ ẹ fi baba àgbà ṣe físà Brazil tán kẹ́ ẹ tún máa bá wọn wá ti Faransé, ìgbà wo ló máa parí? Mo ti rí ẹni tí wọ́n dá padà níbi káńtà ní Ìkẹjà torí ọ̀rọ̀ yìí, pẹ̀lú ẹrù ẹ̀ lórí ìwọ̀n.

Ìyá Ìbejì Lisbon kọ:
Ẹni tó bá ní físà Amẹ́ríkà tàbí ti Kánádà tí ọjọ́ ò tíì kọjá lórí ẹ̀, wọn kì í béèrè tráńsíìtì yẹn lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ bi bàbá bóyá wọ́n ní in, torí àwọn onífá wa yìí ń rìnrìn àjò ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ.

Ọmọ Pópó Àgùdà kọ:
Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí dé egungun. Ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, tààrà ni ọkọ̀ ojú omi ń lọ láàárín Bahia àti Èkó o! Obì, orógbó, aṣọ òfì, ọṣẹ dúdú àti epo pupa là ń kó lọ, tábà ni wọ́n ń kó bọ̀. Lẹ́yìn rògbòdìyàn tí àwọn ẹrú Mùsùlùmí dá sílẹ̀ ní Salvador ní January 1835, wọ́n lé ọ̀pọ̀ èèyàn wa kúrò níbẹ̀, àwọn míì fúnra wọn sanwó ọkọ̀ wálé, ibẹ̀ ni àwa Àgùdà ti ṣẹ̀ ní Èkó. Lóde òní tí bàálù dé, Addis la ní ká gbà. Ẹ gbọ́, òkun yẹn tiẹ̀ tóóró níbì kan. Dakar sí Natal lápá ìlà oòrùn Brazil ò ju nǹkan bíi 3,000 kìlómítà lọ. Ní May 1930 ni Jean Mermoz, awakọ̀ bàálù ará Faransé, gbé lẹ́tà láti Saint-Louis ní Senegal fò dé Natal, ó gbà á ní wákàtí bíi 21. Bàálù ayé ìgbà yẹn o.

Ìròyìn ayọ̀ kan ṣá wà. Ní oṣù kẹjọ 2025 tí ààrẹ wa lọ sí Brasília, Nàìjíríà àti Brazil tọwọ́ bọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ bàálù, wọ́n sì ní Air Peace ló máa máa fò láti Èkó sí São Paulo. Ọmọ Bàbá Onífá, ẹ ò ṣe dúró de ìyẹn?

Ẹnjiníà Hángà kọ:
Ẹni tó ní ọjọ́ ọdún lọ́wọ́ kì í dúró de ìròyìn. Ìgbà tẹ́ ẹ bá rí àga tẹ́ ẹ lè sanwó fún lórí sáìtì wọn, tó ní ọjọ́, tó ní aago, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ kà á mọ́ ọ̀nà. Tó bá sì wà náà, Èkó sí São Paulo jẹ́ bíi 6,350 kìlómítà, wákàtí mẹ́jọ bẹ́ẹ̀, ẹ ó ti kọjá Salvador lọ sí gúúsù, ẹ ó tún padà sẹ́yìn fún wákàtí méjì. Ó ṣì fi gbọọrọ dáa ju Addis lọ o, mi ò bá yín jiyàn ìyẹn.

Ọmọ Bàbá Onífá kọ:
Ẹ ṣeun púpọ̀ ẹ̀yin àgbà. Bàbá ò ní físà Amẹ́ríkà, torí náà Paris ti bọ́ nìyẹn. San Salvador lóòótọ́ ni àbúrò mi tẹ̀, a ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tán. Ṣùgbọ́n ohun kan ò tíì yé mi. Lórí ìwé tí wọ́n tẹ̀ fún mi, bàbá máa gbéra ní Èkó ní aago kan àbọ̀ ọ̀sán Mọ́ńdè, wọ́n á dé Salvador ní aago mọ́kànlá alẹ́ Túsìdeè. Mo kà á lọ kà á bọ̀, wákàtí 33 àbọ̀ ni mo ń rí. Wọ́n wá kọ 37 àbọ̀ sí i. Níbo ni mẹ́rin yòókù ti wá?

Tísà Jọ́gíráfì kọ:
Aago ìlú méjì lẹ kà pọ̀. Aago tí wọ́n fi gbéra, aago Èkó ni. Aago tí wọ́n fi dé, aago Salvador ni, Salvador sì fi wákàtí mẹ́rin wà lẹ́yìn wa. Aago mọ́kànlá alẹ́ Túsìdeè lọ́dọ̀ wọn, aago mẹ́ta òru ló jẹ́ lọ́dọ̀ wa, ilẹ̀ Wẹ́sìdeè sì ti fẹ́ẹ́ mọ́. Ẹ fi aago Èkó nìkan ka gbogbo ẹ̀, ẹ ó rí 37 àbọ̀ yín. Tí wọ́n bá ń bọ̀, òdì kejì ẹ̀ ni: iye tẹ́ ẹ bá kà lórí ìwé, ẹ yọ mẹ́rin kúrò. Láti 2019 ni Brazil ti pa sísún aago síwájú sẹ́yìn tì, torí náà mẹ́rin ni láti January dé December, kò dà bí ti London tó ń yí padà.

Tí ẹ bá ní kẹ́ ẹ tú u palẹ̀: wákàtí 5 dé Addis, ìdúró 13, wákàtí 12 àbọ̀ dé Guarulhos, ìdúró tó fẹ́ẹ́ tó 5, lẹ́yìn náà 2 àti ogún ìṣẹ́jú. Ìgbà tí bàbá máa wà lójú òfurufú gan-an ò pé wákàtí 20. Ìyókù, ìjókòó ni.

Alájàpá Brás kọ:
Àti ti Addis kẹ́ ẹ kíyè sí i. Wákàtí méjì ni wọ́n fi ṣáájú wa, ìyẹn ò le. Èyí tó le ni pé àwọn ará ìlú máa ń ka aago láti ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́, tí onímọ́tò bá ní òun á wá gbé yín ní aago kan àárọ̀, aago méje ló ń sọ yẹn o. Ti ẹ́pọ́ọ̀tù àti tíkẹ́ẹ̀tì ò yàtọ̀ sí tiwa. Tí ìdúró bá pọ̀ báyìí tí kò sì sí bàálù míì tó yá jù ú lọ, Ethiopian máa ń fún èrò ní hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́ kọ:
Mo fara mọ́ kí bàbá sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì, ìdúró gígùn yẹn dáa fún orúnkún wọn ju kí wọ́n já bọ́ sínú bàálù méjì láìsinmi lọ. Ṣùgbọ́n ẹ fi sọ́kàn pé Addis ga, ẹ́pọ́ọ̀tù ibẹ̀ lé ní 2,300 mítà sí òkun, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́, alẹ́ ibẹ̀ sì tutù. Àgbàlagbà tó bá ní ìṣòro ọkàn tàbí èémí, kó kọ́kọ́ rí dókítà ẹ̀. Ẹ fún wọn ní suwẹ́tà nínú báàgì ọwọ́, kì í ṣe nínú ẹrù ńlá.

Wákàtí méjìlá yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ bá wọn gba àga ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kí wọ́n lè máa dìde rìn. Kí wọ́n máa mi ọrùn ẹsẹ̀, kí wọ́n máa mu omi, ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀ mọ́ra náà dáa àmọ́ kí dókítà wò wọ́n ná. Oògùn wọn gbogbo, báàgì ọwọ́. Tí wọ́n bá ń lo oògùn lójoojúmọ́, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n máa fi aago Èkó lò ó títí wọ́n á fi dé, kí wọ́n má baà lò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ sì béèrè wheelchair nígbà tẹ́ ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, kì í ṣe ìtìjú.

Ará Itapuã kọ:
Ẹ kú ọdún o láti Salvador níbí. Mo ti ka gbogbo ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò tíì sọ ibi tí ọ̀ràn wà gan-an. Ọ̀ràn wà ní Guarulhos. Ní Brazil, ìlú àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá fẹsẹ̀ tẹ̀ lẹ ti máa gba ẹrù yín, ká tiẹ̀ ní Salvador ni wọ́n kọ sí i lára láti Èkó. Bàbá máa kọ́kọ́ tò síbi ìmígíréṣọ̀n, wọ́n á gba ẹrù, wọ́n á gbé e kọjá kọ́sítọ́ọ̀mù, wọ́n á tún lọ fà á lé àwọn bàálù abẹ́lé lọ́wọ́. Ẹni tó bá fún ara ẹ̀ ní wákàtí méjì níbẹ̀, àdúrà ló ń gbà. Wákàtí mẹ́ta ló kéré jù, mẹ́rin fún àgbàlagbà. Èyí tí wọ́n fún yín yẹn dáa, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín gé e kù. Obì àti orógbó tí bàbá máa fẹ́ gbé wá, kí wọ́n jẹ́wọ́ ẹ̀ fún kọ́sítọ́ọ̀mù, torí wọ́n ń yẹ ewéko àti èso wò gan-an.

Èkejì, ẹ wò ó bóyá Guarulhos náà ni bàálù abẹ́lé yẹn ti máa gbéra. GRU ni kóòdù ẹ̀. São Paulo ní òmíràn tó ń jẹ́ Congonhas, CGH, àárín ìlú ni ìyẹn wà, gosiló São Paulo ò sì kéré sí ti Èkó. Viracopos náà wà, VCP, ìlú míì tó ń jẹ́ Campinas ló wà, ó tó 100 kìlómítà. Àwọn sáìtì tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì pọ́ọ́kú máa ń so GRU mọ́ CGH bí ẹni pé yàrá àti pálọ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹ̀ wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, kó lè jẹ́ pé tí bàálù àkọ́kọ́ bá pẹ́, àwọn ló máa wá ọ̀nà míì fún bàbá.

Ní Brazil, ẹni tó bá ti pé ọgọ́ta ọdún ní ìlà tiẹ̀, òfin ni. Kí bàbá máa wo ibi tí wọ́n bá kọ "preferencial" sí, kí wọ́n lọ tò síbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní í ráhùn. Gẹ̀ẹ́sì ò fi bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ o, ẹ bá wọn kọ àdírẹ́sì àti nọ́ńbà ẹni tó ń gbà wọ́n lálejò sórí ìwé ní Pọtogí.

Tó bá jẹ́ Rio Vermelho ni wọ́n ń lọ, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọdún náà, kò jìnnà púpọ̀ sí ẹ́pọ́ọ̀tù, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì oṣù kejì gan-an ọ̀nà á dí pa, èèyàn á kún etí òkun láti òru. Kí wọ́n má dé ní ọjọ́ kìíní. Kí wọ́n dé ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní ó pẹ́ tán. Owó tíkẹ́ẹ̀tì máa ń wọ́n láti December dé ìgbà Carnival torí ẹ̀ẹ̀rùn wọn nìyẹn, ẹ tètè rà á.

Ọ̀dọ́ Badagry kọ:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ Luanda. TAAG ti Àǹgólà ń lọ sí São Paulo. Èkó sí Luanda ò ju 2,000 kìlómítà àti díẹ̀ lọ, Luanda sí São Paulo bíi 6,500. Tí ẹ bá fi ti Salvador kún un, nǹkan bíi 10,000 ni. Ṣé kò sàn ju 15,000 lọ? Casablanca náà wà, Royal Air Maroc tún ti padà sí São Paulo ní December 2024, 12,000 bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Alájàpá Brás kọ:
Kìlómítà dínkù, mo gbà. Ṣùgbọ́n ti Luanda kì í lọ lójoojúmọ́, ẹ lè débẹ̀ kẹ́ ẹ wá dúró títí kẹ́ ẹ tó rí èkejì wọ̀. Kì í ṣe kìlómítà là ń sanwó fún, ìsopọ̀ ni. Ọjọ́ tí ti Luanda bá so pọ̀ dáadáa, kò sí èyí tó yá tó o. Ọjọ́ tí kò bá so pọ̀, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbọ́ Pọtogí kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Ọ̀dọ́ Badagry kọ:
Ìyẹn ni kó jẹ́ kó wo ọjọ́ méjì mẹ́ta lórí kàlẹ́ńdà kó tó pinnu. Casablanca ńkọ́?

Alájàpá Brás kọ:
Casablanca dáa, èmi fẹ́ràn ẹ̀. Àmọ́ kí wọ́n wo aago ìdúró ibẹ̀ náà, kí bàbá má lọ fi òru jókòó sórí àga irin.

Ọmọ Bàbá Onífá kọ:
Ó ti ń yé mi wàyí. Mo ti ní kí ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì wo Luanda àti Casablanca fún ọjọ́ 27 sí 29 January, tí kò bá sí èyí tó dín sí wákàtí 30, a ó gba Addis pẹ̀lú hòtẹ́ẹ̀lì. Wheelchair ti wà níbẹ̀, bàbá bínú díẹ̀ ṣùgbọ́n wọ́n ti gbà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ti Luanda ránṣẹ́ nísinsìnyí, mo rí NBJ lórí ẹ̀, mo sì rò pé LAD ni Luanda. Ṣé kì í ṣe San Salvador míì lèyí?

Ẹnjiníà Hángà kọ:
Rárá, Luanda náà ni. NBJ ni kóòdù ẹ́pọ́ọ̀tù tuntun wọn tí wọ́n fi orúkọ Agostinho Neto pè, LAD ni ti àtijọ́. Tuntun yẹn tó 40 kìlómítà sí ìlú. Ohun tẹ́ ẹ máa wò ni pé kí ìbalẹ̀ àti ìgbéra jẹ́ NBJ méjèèjì. Tí ọ̀kan bá jẹ́ LAD tí èkejì jẹ́ NBJ, ẹ dá a padà fún un.